Lẹ́tà Kan Lórí Ibojì Màmá Rèbékà

Agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ funfun kúrò lórí ibojì Màmá Rèbékà ní ìtẹ́ òkú ìjọ wa ní Ṣàgámù. Ó ti pé ọdún kan tí ó kú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni Bàbá Katikísì, Délé tí í ṣe àkọ́bí olóògbé, Títí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìyá mẹ́fà láti inú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, àti èmi tí mo kọ́ ibojì náà. Délé ń ka ohun tó wà lójú òkúta sókè. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ dúró.

Èmi náà wò ó. Mo rí ohun tí mo ti ṣe. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọwọ́ yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀.

Ìwé kò kàn mí ní kékeré. Bàbá mi ní oko obì lẹ́bàá Òde Rẹ́mọ, ọwọ́ mi ló sì nílò. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Jákọ́bù ní Ibido, mo di ọmọ iṣẹ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Àdéhùn wa kò gùn, n kò sì ní fi dá yín lágara.

Ibojì àwọn onígbàgbọ́ ni Ọ̀gá ń kọ́. A ó po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì funfun, a ó dà á sínú férémù pákó. Bí ó bá ti le díẹ̀, a ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ sí i lójú, a ó fi ṣísẹ́lì kékeré gbẹ́ ẹ, a ó wá fi sìmẹ́ǹtì tí a po àwọ̀ dúdú mọ́ dí ojú gbígbẹ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a ó fi òkúta ìfá àti omi fá gbogbo rẹ̀ títí yóò fi dán. Tẹràsò là ń pè é. Bí dúdú bá ti wọ inú funfun, kò ṣeé fi ọwọ́ nù kúrò mọ́.

Ọ̀gá Jákọ́bù ga, ó gbẹ. Kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ iṣẹ́, kì í sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún kan gbáko, omi pípọn àti fífá ni tèmi. Lọ́dún kejì ó fún mi ní ṣísẹ́lì. Kò bi mí bóyá mo mọ̀wé, èmi náà kò sì sọ. Òun á fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, èmi á máa tọ ipa rẹ̀ bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Lọ́jọ́ kan ó na ìwé kan sí mi, ó ní kí n kọ orúkọ inú rẹ̀ sójú òkúta fúnra mi. Mo kọ gbogbo N inú orúkọ náà sẹ́yìn.

Ó wò ó, ó tún un wò. Ó wá pe àwọn ará ilé.

"Ẹ wá wo ẹni tó ń kọ̀wé fún dígí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé òòlù, ó fọ́ òkúta náà sí wẹ́wẹ́, ó ní kí n da èérún rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, kí n máa tẹ̀ ẹ́ wọlé láràárọ̀.

"Ẹni tó bá ṣi orúkọ òkú kọ," ó ní, "ó pa á lẹ́ẹ̀kejì ni."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi tẹ èérún náà. Mo bínú sí i nígbà yẹn. À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀.

Ọ̀gá kì í fi àmì sí lẹ́tà. Àmì kéékèèké máa ń ré kúrò nígbà tí a bá ń fá òkúta. Olùkọ́ kan wá sí ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, ó bi í léèrè pé kí ló dé tí kò sí àmì lórí orúkọ bàbá òun. Ọ̀gá ní, "Òkú mọ orúkọ ara rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe é títí di òní: lẹ́tà ńlá, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á ni yóò fi ohùn sí i.

Ohun kan tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn ẹbí kan wá, wọ́n fẹ́ kí ó kọ "ọkọ rere" sórí ibojì ọkùnrin kan. Gbogbo Ibido ló mọ̀ pé ọkùnrin náà máa ń na ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá ní òun kò ní kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n òkú ní, "Bàbá, òkúta lẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ ò ní búra nílé ẹjọ́."

"Nílé ẹjọ́, adájọ́ á gbàgbé," Ọ̀gá dáhùn. "Òkúta kì í gbàgbé. Ọlọ́run ní kí n má ṣe jẹ́rìí èké. Kò sọ pé ẹnu nìkan ni a fi ń jẹ́ ẹ."

Orúkọ àti ọdún nìkan ló kọ. Àwọn ẹbí náà kò kí i mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí mo gbé Rúùtù níyàwó, mo sọ ìtàn yìí fún un. Obì ló ń ṣà fún àwọn oníṣòwò obì, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó yọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò láàárín èyí tó dára, ojú rẹ̀ sì mú. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá.

"Ọ̀gá yín rò pé ẹ̀rí ni wọ́n ń kọ. Àdúrà ni."

"Àdúrà fún ẹni tó ti kú?"

"Fún ọkọ tó máa kọjá níbẹ̀, tó máa kà á."

N kò tíì mọ ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo dá dúró, mo kọ ohun tí wọ́n bá gbé wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gbẹ́ ohun tí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ara mi kì í balẹ̀.

Rúùtù náà ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Ó ní kò yẹ kí ọkùnrin máa kọ ohun tí kò lè kà. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Nínú iléèwé ìjọ ni wọ́n ti ń kọ́ wa nírọ̀lẹ́, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí lágbọ̀n. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo gba ìtẹ́ òkú kọjá, mo sì rí i pé mo lè kà á. Mo ń lọ láti ibojì kan sí èkejì, mo ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ara mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ti gbẹ́ "sùn re" lọ́nà ogún, n kò mọ̀ pé ẹnì kan ni à ń kí pé ó dàárọ̀. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sunkún díẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni Rúùtù ti ń bá mi yẹ iṣẹ́ wò. Bí mo bá ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ tán, kí n tó gbé ṣísẹ́lì, á wá dúró sókè orí òkúta, á máa ka lẹ́tà náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá kà á láti iwájú, ohun tó fẹ́ rí ni yóò rí. Ọdún mẹ́rìnlélógún la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe kan kò jáde lọ́wọ́ wa.

Láàárín ìgbà yẹn, irinṣẹ́ yí padà. Máṣìnì ìfátẹràsò dé. Ohun tí mo ń fi ọjọ́ mẹ́rin fá, ó di wákàtí méjì, bí iná mànàmáná bá wà. Ariwo rẹ̀ pọ̀, eruku rẹ̀ sì wọ̀ mí láyà; mo ń húkọ́ títí di òní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó máàbù wá láti Èkó, tí máṣìnì ti gbẹ́ lẹ́tà sí, tó rí gérégé bí ti inú ìwé, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Àwọn tó lówó lọ ń ra ìyẹn. Àwọn àgbà ìjọ ṣì ń pè mí, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Oníbojì, wọ́n sì ní ti ọwọ́ ni àwọn fẹ́.

Rúùtù kú lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ díẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún rẹ̀. Àwọn ọmọ bi mí pé ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. N kò rí èyí tí mo lè gbẹ́.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni Títí gbé iṣẹ́ Màmá Rèbékà wá. Aránṣọ ni Títí ní Òde Rẹ́mọ. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé fún mi, ó fi gbogbo àmì sí i: *Ó ṣe olóòótọ́. Ó gba adé ìyè.*

"Màmá ló sọ ọ́ fúnra wọn lórí ibùsùn," ó ní. "Wọ́n ní adé ìyè tó wà nínú ìwé Ìfihàn yẹn, òun làwọn ń wò."

Gbogbo wa la mọ bí Màmá ṣe ṣàìsàn. Ó tó ọdún méjì. Títí ló ń gbé e sùn, òun ló ń gbé e jí. Ogijo ni Délé wà, ó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan níbẹ̀. Ó ń fi nǹkan rán awakọ̀, ṣùgbọ́n kì í wá. Níbi ìsìnkú, Títí sọ ọ́ sí i lójú láàárín èrò, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Katikísì ló parí ìjà náà. Ibojì yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí lẹ́yìn ìjà wọn.

Mo kọ ọ́. Obìnrin ni mo ń kọ ọ́ fún, ó sì ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti ń kọ "ìyá wa" àti "ìyá rere" sórí òkúta àwọn obìnrin. Bí ọwọ́ mi bá ti kọ I, tó kọ Y, A ló mọ̀ pé ó kàn. Kò sí ẹni tó dúró sókè orí òkúta. Mo kà á fúnra mi láti iwájú lọ sẹ́yìn, mo rí ohun tí mo fẹ́ rí, mo sì gbẹ́ ẹ.

O SE OLOOTO. O GBA ADE IYA.

Ohun tí Délé ń kà lọ́jọ́ Sátidé náà nìyẹn.

"Ó gba adé…" Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìyà? Títí, adé ìyà lo ní kí wọ́n kọ sórí Màmá?"

"Bọ̀dá mi, èmi kọ́ o!"

"Ta wá ni? O ti sọ ọ́ káàkiri Òde Rẹ́mọ pé mo fìyà jẹ Màmá. Ó wá kù sórí òkúta!"

"Ẹ má jà lórí òkú o, ẹ̀yin ọmọ yìí," ọ̀kan nínú àwọn ìyá ní.

Katikísì kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Ó bọ́ sáàárín wọn.

"Délé, ta ló ní ìyà ni? Ṣé o rí àmì lórí ẹ̀ ni? Ìyá ni! Adé ìyá! Ṣé ẹni tó bí ẹ̀yin méjèèjì kò tó ẹni tí à ń dé ládé ìyá ni?" Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá Oníbojì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ní lọ́kàn?"

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Hẹ̀ẹ́! Adé ìyá!" Àwọn ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Bàbá yìí jinlẹ̀ o. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ wo ohun tó wà níkùn ẹ̀!"

Wọ́n dá orin. Délé fi ọwọ́ bojú. Katikísì fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní orí adé ìyá ni òun máa wàásù lé lọ́la, kí n sì múra láti dìde kí ìjọ rí mi.

Mo lọ sílé. Mo sọ fún ara mi pé ìjà ti parí, pé n kò la ẹnu mi parọ́. Olúwa wa ní kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo wá a títí, n kò rí ibi tó ti yọ orí mímì sílẹ̀. Mo tún rò nípa Màmá Rèbékà. Ìyá ni, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ìyẹn fún òun. Ìyè ló ń wò lórí ibùsùn. Mo ti já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí n dìde kí wọ́n yìn mí.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Títí wọlé. Kò jókòó.

"Bàbá, bọ̀dá mi kò gbà. Ó ní nítorí èrò lòun ṣe dákẹ́. Ó ní mo ti bẹ̀ yín kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀ ń bò mí ni. Ó ní láti òní lọ, òun kò ní àbúrò." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kí ni mo kọ sínú ìwé tí mo fún yín?"

Mo mú ìwé náà jáde, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó kà á.

"Ìyè ni mo kọ."

"Ìyè lo kọ. Èmi ni mo ṣì í."

"Ṣùgbọ́n ẹ mi orí!"

"Mo mi orí."

"Bàbá, gbogbo ọdún yìí ẹ kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ máa sọ ọ́, orí lẹ fi sọ ọ́, ẹ sì fi parọ́."

Mo ní kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi di ọ̀la.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo bá Katikísì nínú yàrá tó ti ń wọ ẹ̀wù. Mo sọ ọ́ fún un.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ó ti tòrò. Ṣé ẹ fẹ́ rú u ni?"

"Kò tíì tòrò, sà. Títí ló ń ru ẹ̀bi rẹ̀."

"Ọlọ́run lè lo àṣìṣe."

"Ó lè lò ó. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àṣìṣe ni, kí Ó wá lò ó."

Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ fúnra yín o. Èmi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e."

Mo dìde nígbà tó pè mí. Ohun tí mo sọ kò pọ̀. Mo ní, "Adé ìyè ni Títí kọ sínú ìwé. Ìwé náà rèé. Èmi ni mo ṣì í kọ. Lánàá wọ́n bi mí, mo mi orí. Irọ́ ni."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn wá béèrè pé, "Bàbá, tiwa ńkọ́? Ṣé bàbá mi ṣì ni ẹni tó wà lábẹ́ òkúta yẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, n kò sì bá wọn wí. Lẹ́yìn ìsìn, mo rí ìdílé bíi mẹ́wàá tó gba ìtẹ́ òkú lọ, wọ́n ń tẹ̀ ba orí ibojì àwọn èèyàn wọn, wọ́n ń fi ìka tọ lẹ́tà. Àwọn méjì tí iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ mi gbà á padà lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé e fún onímáàbù. Kò sí ẹni tó tún gbé òmíràn wá. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní tàn yín pé òótọ́ kì í náni ní nǹkan.

Délé dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé agogo. Títí wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ wa.

"Bàbá, Katikísì kà á, ó rí ìyá," ó ní. "Àwọn ìyá yẹn náà rí ìyá. Èmi nìkan ni mo kà á ní ìyà. Ẹ ò fi àmì sí i. Èmi ni mo fi í sí i."

Mo wo Títí lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ẹ má yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ kí n máa rí i."

"Òkúta yẹn kì í ṣe tìrẹ, Délé. Màmá yín sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó lọ."

Ó wo ilẹ̀. "Ìgbà wo lẹ máa lọ tún un ṣe?"

"Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọ̀la."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo dé ìtẹ́ òkú, àwọn méjèèjì ti wà níbẹ̀. Ogijo ló yẹ kí Délé wà ní àkókò yẹn. Ó ti ká ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ dé orúnkún, Títí sì ti pọn omi kún garawa. Mo kúnlẹ̀, mo fi ṣísẹ́lì gbẹ́ A náà jáde. Dúdú rẹ̀ ti ràn mọ́ funfun yíká; a ní láti fá a mọ́ kí E tó lè wọlé. Mo mú òkúta ìfá. Délé gbà á lọ́wọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fá, Títí ń da omi sí i. Kò tó wákàtí kan tí dúdú náà fi tán pátápátá, tí ojú ibẹ̀ sì funfun. Ó ṣì ń fá. Títí ṣì ń da omi. Mo jókòó sórí ilẹ̀, n kò sọ fún wọn pé ó ti tó.